Sálúbàtà Iwájú Firíìjì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni sálúbàtà rọ́bà kan
fi dúró níwájú firíìjì wa l'Ókè-Àró.
Búlúù ni. Okùn ọ̀tún ti já, wáyà la fi so ó.
Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ jáde;
torí omi tútù nìkan la ṣe ń wọ̀ ọ́.

Tòkunbọ̀ ni firíìjì ọ̀hún,
Ìjọ̀kà lọkọ mi ti rà á lọ́dún tí a bí Olúwatúyì.
Ó ń mú omi dì bíi yìnyín,
ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan sìmẹ́ńtì lásán,
tí ọwọ́ rẹ kan irin ìlẹ̀kùn rẹ̀,
á ta ọ́ bí àkéekèé, títí dé ìgúnpá.
"Ó ń ṣeré ni," lọkọ mi máa ń wí.
Bí a ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíì ní A, B, D
la kọ́ tiwa: wọ bàtà, kí o tó ṣílẹ̀kùn.
Ìjẹ náà mọ́ wa lára.
Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá
la wá fi ń pa àlejò lẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí Màmá Òkè-Lísà dé láti Oǹdó,
ìyá tó bí ọkọ mi.
Òru ni. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ alẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti balùwẹ̀ bọ̀, omi ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
a sì ti gbàgbé láti sọ fún àgbàlagbà
pé ilé wa ń sin ohun tó ń jẹni.
Iná gbé e.
Igbe kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ìró ife nílẹ̀.

Kò kú. Mo tún sọ ọ́: kò kú.
Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ó wo sálúbàtà, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ni?"
Ẹnu wa wúwo.
"Ẹ mọ̀, ẹ wá lọ ra bàtà sílẹ̀ dè é."

Oòrùn ò tíì gòkè tí Akíndùró oníṣẹ́ iná fi dé.
Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó mi orí:
ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó gùn jù, ẹnìkan ti fi ayùn gé e
kó lè bá ihò ògiri wa mu.
"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, màmá.
Àwọn wọ̀nyí yọ ọ̀kan, wọ́n ń retí kí ìkòkò jókòó."
Ó tú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì: wáyà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀,
ó ká jọ bí òkú ejò, kò so mọ́ ibì kankan.
"Iná tó ṣìnà bọ́ sára irin, ilẹ̀ ló ń wá, kò wá ìjà.
Bí ẹ ò bá la ọ̀nà fún un,
ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan án ni yóò gbà kọjá."

Ó gbé ọ̀pá bàbà dé ẹ̀yìnkùlé.
Àkúrẹ́ nìyí: ọ̀pá wọlẹ̀ díẹ̀, ó dún gán-án. Àpáta.
A sún síwájú. Gán-án.
A yà sápá òsì. Gán-án.
Ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, tí kókò ń hù,
ibẹ̀ nilẹ̀ ti rọ̀,
ó gbé ọ̀pá mì bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.
A da èédú sí i, a da iyọ̀, a bomi rin ín.

Bàbá onílé yọrí lójú fèrèsé:
"Kí lẹ̀ ń rì mọ́ ilé mi?"
Màmá ló dá a lóhùn:
"Ọ̀nà ni. Ẹ wá rì tiyín náà."

Akíndùró fi mítà wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀mejì,
kó tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn.
Firíìjì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́. Kò jẹ ẹ́.

Màmá ti padà sí Oǹdó.
Ó mú sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, èyí tí a fi wáyà so.
Kò sọ ìdí.
Títí dòní, bí mo bá jí lóru láti mu omi,
ẹsẹ̀ mi á máa wá bàtà nínú òkùnkùn,
á bá sìmẹ́ńtì tútù,
ilẹ̀ lásán.
Màá dúró díẹ̀.
Màá ṣí i.