Omi Ife Kan fún Igi Sàyálì

Tú àpò náà sílẹ̀, àlejò, jẹ́ kí n wò ó.
Jókòó sórí ẹní. Ìtìjú kò sí níbí.
Bàtà mẹ́ta? Ẹsẹ̀ mélòó lo ní?
Dígí nìyí. Ta ni yóò wo ojú rẹ níbẹ̀?
Ràkúnmí kì í wo ẹwà, ẹrù ló ń wò.
Èyí tó ń pariwo, tí ẹ fi ń gbẹ irun,
gbé e fún Sálímá kó bá ọ tọ́jú rẹ̀:
iná mànàmáná wa parí síbi ògiri yìí.
Lẹ́yìn ògiri, ó ku ìràwọ̀.

Aṣọ òtútù dà?
O ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín lẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án.
Oòrùn ibí, olówó èlé ni:
ó ń yá ọ ní ooru láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́,
bílẹ̀ bá ṣú tán, ó gba tirẹ̀, ó gba tìrẹ mọ́ ọn.
Gba bùláńkẹ́ẹ̀tì yìí. Irun ewúrẹ́ mi ni,
èmi ni mo ran òwú rẹ̀ kí ojú mi tó rẹ̀.
Ó ń rùn díẹ̀, mo mọ̀.
Láàárọ̀ ọ̀la, o kò ní fẹ́ bọ́ ọ.

Fúrẹ́jì, ọmọ mi, ló ń di ẹrù lóde.
Gbọ́ Ṣálà, abo ràkúnmí, bó ti ń kùn
bí àna tí a kò kí.
Ìyẹ̀fun, ṣúgà, tíì, iyọ̀ nínú agolo tòmátò,
omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin: mẹ́ta fún ẹnu, ọ̀kan fún àṣìṣe.
Má bi í léèrè ibi tí ẹ ó sùn.
Yóò ní, "Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti rí wa."
Bó bá po ìyẹ̀fun tán, tó bo búrẹ́dì mọ́ eérú gbígbóná,
má dúró ya fọ́tò, kí o má bàa jẹ ẹ́ ní tútù.
Bí wọ́n bá bu kọfí fún ọ, mu ún.
Bó bá tó ọ, mi ife náà díẹ̀;
bí o kò bá mì ín, ilẹ̀ yóò mọ́ bá yín nídìí kọfí.
Bó o bá jí, gbọn bàtà rẹ kí o tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Àkéekèé náà ń wá ibi tó móoru ni.

Wò ó, àpò rẹ ti fúyẹ́. Àyè ti wà.
Sún mọ́ mi, kí Fúrẹ́jì má gbọ́.
Omi lásán ló wà nínú ìgò kékeré yìí, ife kan péré.
Bẹ́ ẹ bá kọjá àpáta pupa, tẹ́ ẹ yà sọ́wọ́ òsì,
igi sàyálì kan dá dúró níbẹ̀,
kò ní ẹ̀ka níhà tó kọjú sí òkè.
Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ.

Àwa kì í ṣẹ́ igi tútù. Òkú igi là ń dá níná.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni,
ọmọ ń bọ̀, òtútù ń bọ̀,
n kò mọ èwo ni yóò kọ́kọ́ dé.
Èéfín ló kọ́kọ́ rú. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà, ó jó.
Ọmọ náà ló ń fa okùn lóde yẹn, tó ń bú ràkúnmí.
Kò mọ̀ pé igi ló gbẹ̀bí òun.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ ni mo ń rán.
Orúnkún mi kò gbà mí mọ́.
Dà á sí ìdí rẹ̀. Má sọ nǹkan kan, kò gbọ́ èdè rẹ.
Mo mọ̀ pé iyanrìn yóò mu ún kí gbòǹgbò tó gbúròó.
Ife omi kan kò tó san ẹ̀ka.
Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san án,
ó yẹ kó ṣì máa kí olówó rẹ̀.

Ó ti ń pè ọ́. Máa lọ.
Dígí yìí, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi títí di ọ̀la.
Ó pẹ́ tí mo ti wo ojú mi.