Máàpù Tó Wà Lẹ́nu Bàbá Mi

Tíṣà Oyèlàmí fi ẹfun fa ìlà sára pátákó,
ó ní, "Ibí ni Yorùbá parí sí,
ibí ni Haúsá ti bẹ̀rẹ̀."
Ìlà náà gún régé bí okùn tí a ń sá aṣọ lé.
Mo dà á kọ.

Mo délé ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, mo bá bàbá mi lábẹ́ ọdán,
ó ń lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́,
ó ń fi Haúsá ka ojú ibi tó jò:
dáyà, bíyú, úkù.
Kẹ̀kẹ́ ṣubú lu ọmọ ìka rẹ̀,
èdè Àṣáńtì ló fi ṣépè.
Ó wá fi Yorùbá bẹ Ọlọ́run pé kó má bínú.
Tíṣà, níbo ni ìlà yín gbà kọjá lẹ́nu ọkùnrin yìí?

Ọdún tí wọ́n lé wa ní Gáànà,
aṣọ́bodè tú ẹrù wa sílẹ̀ nínú eruku,
ó gba abọ́ tánganran, ó gba máṣíìnì ìránṣọ.
Kò ní kí bàbá mi lanu.

Ọmọ Ìbòkun ni ìyá mi, Támàlè ni wọ́n ti pàdé.
Ká ní ilé ni wọ́n wà ni,
òun ì bá máa pè é ní ará Ọ̀yọ́,
bàbá ì bá máa pè é ní Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló.
Ọ̀nà jíjìn ló sọ àwọn méjèèjì di Yorùbá.
Ìgbà tí a padà dé ni wọ́n tún pín.
Ìyá mi á ní "ulé", á ní "usu",
ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀,
mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń lé adìẹ:
"Ẹ jáde nínú ulé!"
Ó yíjú, ó rí mi.
A ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo dàgbà, mo rin ọ̀nà Ìlọrin, mo rin ọ̀nà Ọ̀yọ́,
mo ń wá ìlà funfun.
Mo sọ̀ kalẹ̀ létí odò Ọbà, mo kí ará òkè odò,
mo kí ará ìsàlẹ̀ odò.
Ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀, bí ọ̀sán ṣe ń yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́:
ta ló lè na ìka sí ibi tó ti yí?

Àwọn méjì péré ni mo mọ̀ tó ń sọ Dàgbánì ní Ògbómọ̀ṣọ́,
bàbá mi àti Bùsàrí tí wọ́n ń pè ní Bàbá Yẹ́ńdì.
Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n á gbé àpótí síta,
wọ́n á máa sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín
ẹ̀rín tí kò ní ìtumọ̀ fún wa.
Ilẹ̀ èdè náà kò tóbi:
láti àpótí kan dé àpótí kejì ni.
Bùsàrí kú lóṣù Agẹmọ.
Bàbá mi ṣì ń gbé àpótí méjèèjì síta.
Èdè kò ṣeé dá sọ bí ẹni dá iyán jẹ.
Ó gbìyànjú rẹ̀ lára ewúrẹ́; ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀, ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi,
ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Dàsíbà."
Kì í ṣe èmi ló ń kí.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí mú nínú gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn,
ìdáhùn rẹ̀ ni.
Mo ní, "Nàà."
Ó yíjú, ó wò mí bí ẹni tí a pè lórúkọ nílùú àjèjì,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́,
èmi ń mi orí,
títí nọ́ọ̀sì fi gbé oògùn wọlé.