Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Ìwé pélébé aláwọ̀ omi aró yẹn,
èyí tí wọ́n já fún ọ lánàá lẹ́bàá Sábó,
èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.
Èmi Látúnjí, onítẹ̀wé abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Tákìé,
tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń húkọ́ bí àgbàlagbà nínú ọyẹ́.
Ogójì ìdìpọ̀, ọgọ́rùn-ún ewé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
nọ́ńbà kan ò fo ara wọn:
mo mọ̀, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi tò wọ́n.

Akọ̀wé káńsù kó o lọ kó tó gbẹ.
Ó ní kí n wá gbowó iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé.
Ajé wo? Kò dárúkọ oṣù.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wá lóòótọ́.
Ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé.
Wọn ò mú owó mi dání,
ìwé mi ni wọ́n mú dání.
"Bàbá, owó pátákó.
Bàbá, owó jẹnẹrétọ̀.
Bàbá, owó ìdọ̀tí" —
ìdọ̀tí tí èmi fúnra mi ń sun lẹ́yìn ilé.
Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ti ìpínlẹ̀ fi dé láti Ìbàdàn
pẹ̀lú lẹ́tà gígùn kan: owó orí.
Ẹ̀yìn wọn ni ẹgbẹ́, àwọn náà já tíkẹ́ẹ̀tì.
Orí kan ṣoṣo ni mo gbé wáyé,
àbí ẹ rí òmíràn lọ́rùn mi?

Owó orí lórúkọ rẹ̀ láyé bàbá mi àgbà.
Wọ́n ní àjà ló sá sí, òun àti ewúrẹ́ kan tó fẹ́ sín,
tó di imú ewúrẹ́ náà mú títí àkódà fi kọjá.
A máa ń fi rẹ́rìn-ín nílé wa.
Nígbà tí ọdún Àgbẹ́kọ̀yà dé,
kò sẹ́ni tó tún fi rẹ́rìn-ín.

Mo pe Yísá, àbúrò ìyàwó mi, ní Ìlọrin.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi ju tèmi lọ; ẹ̀rọ rẹ̀ tilẹ̀ tuntun.
Mo ní, "Ka tìrẹ, kí n ka tèmi."
Ó ka mẹ́rin, mo ka méje.
Mo ti fẹ́ sọ pé n ó di ẹrù mi, n ó wá bá a létí odò Àsà,
ló bá ní, "Ẹ dúró ná, mi ò tíì ka tàwọn tó ń wá lálẹ́."
A jọ dákẹ́ lórí fóònù.
Owó káàdì ń lọ; wọ́n ti yọ tiwọn nínú ìyẹn náà.

Mi ò ní ká má sanwó.
Ẹni tó bá ń mu omi kànga, ó yẹ kó bá wọn fa okùn.
Ká ṣáà mọ ibi tí kànga wà ni mo ń wí.
Bí wọ́n bá bi mí (kò sẹ́ni tó bi mí)
n ó ní ká sọ ìwé méjèèje di ẹyọ kan,
kí ìpínlẹ̀ àti káńsù lọ pín in nínú yàrá wọn:
ìjà tọkọtaya, ẹnu ọ̀nà mi kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti wá jà á.
Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri káńsù,
kí ìyá tó ń yan kaṣú ní Ìjerù
má san iye kan náà
pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ń fi tírélà kó o lọ sí Èkó.
Kí wọ́n jẹ́ kí ọjà tà kí wọ́n tó bèèrè èrè.
Àti gọ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, gọ́tà kan péré, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n,
tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé: owó wa nìyẹn, ó ń ṣàn.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì.
Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó kàwé jáde, kò ríṣẹ́;
ìdá mẹ́wàá ohun tó bá gbà lówó oṣù rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣé ẹ ní báírò?"
Mo fún un ní báírò.
Ó kọ orúkọ mi, ó ṣì í kọ, ó já a fún mi.
Mo fi àtàǹpàkò ra á wò.
Yíǹkì olówó pọ́ọ́kú ni mo lò, mi ò ní purọ́:
ìka mi àti ìwé náà, àwọ̀ kan náà ni.