Ojú Kẹtàdínlógún

Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á, igi lásán ni:
igi ẹsẹ̀, igi ọwọ́, orí bí ọsàn,
lẹ́yìn ìwé ìṣirò mi ní fọ́ọ̀mù tú.
Mo sọ ọ́ ní Mànàmáná.
Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ewé orí ọ̀pẹ̀yìnbó,
torí bẹ́ẹ̀ ni tàwọn ará Jàpáànù rí
nínú ìwé tí Bánúsọ mú bọ̀ láti Èkó,
ìwé tí à ń kà láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ga. Mo fún un ní àyà bíi pátákó,
idà méjì, aṣọ ìlékè tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri.
Àbúrò mi Dúpẹ́ wò ó, ó ní:
"Ṣé kì í gbóná fún un ni?
Ní Ìjẹ̀bú-Igbó yìí, nínú oṣù kẹta?"
Mo gbá a létí. Mo bọ́ aṣọ náà lọ́rùn Mànàmáná.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, n ò kà wọ́n mọ́.
Rọ́bà jẹ ìwé títí ìwé fi lu.
Bàtà onírin di sálúbàtà;
okùn tòsì já, mo fi wáyà so ó.
Idà kan lọ. Èkejì náà lọ.
Kí ni yóò wá fi jà?
Odidi òjò ọdún kan, ọwọ́ òfìfo ló dúró sí.

Lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti ń la igi igbó Ọmọ.
Mo ti ń gbọ́ ayùn yẹn láti inú oyún,
ṣùgbọ́n n ò fetí sí i rí,
àfi ọjọ́ tí Ṣówẹ̀mímọ́, tí ìka rẹ̀ ku mẹ́jọ,
gbé ọwọ́ sókè, tí ẹ̀rọ dákẹ́.
Ó tẹ ọrùn sápá kan, ó fi òòlù kan ìtì náà,
kó, kó, kò.
"Ìṣó wà níbẹ̀."
Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìṣó wà níbẹ̀.

Mo sáré wọlé, n ò bọ́ bàtà.
Mo tẹ ọrùn rẹ̀ sápá kan.
Mo dín ojú kù, mo fi kún etí.
Ìka méjì, mo pa wọ́n rẹ́, ó sì dùn mí,
bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ lè jáde lára pẹ́ńsù.
Orúkọ àtijọ́ kò bá a mu mọ́:
mànàmáná kì í fetí sílẹ̀.

Ṣówẹ̀mímọ́ nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gbà á.
Ó wò ó pẹ́.
"Lèsí rèé?" ló bi mí,
orí rẹ̀ sì tẹ̀ sápá kan.
Ìyẹ̀fun pákó já bọ́ láti irun rẹ̀
sórí yíǹkì tí kò tíì gbẹ.
N ò gbọ̀n ọ́n dànù.