Méjìdínlógójì

Bàbá mi Orrin, tó ń kọ́lé ní Duluth,
ti téèpù ìwọnlé rẹ̀ bọ̀ mí lápò ní pápákọ̀ òfuurufú.
"Ibi yòówù kó o dé, ínṣì á máa jẹ́ ínṣì."

Ní Bodø, mo fi ínṣì wọn fèrèsé,
mo lọ fi sẹ̀ńtímítà ra aṣọ ìkélé.
Àádọ́ta ṣáà ni àádọ́ta, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
Aṣọ dé, ó kúrú bí ìbàǹtẹ́.
Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ohun tí a fi jẹun alẹ́.

Gunnvor, ìyá ọkọ mi, ní kí n lọ kí àbúrò òun.
"Kò jìnnà. Míìlì méjì péré."
Míìlì! Ọ̀rọ̀ ilé wa!
Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé lẹ́yìn odi.
Mo gbé oyún oṣù mẹ́fà, mo mú búrẹ́dì kan dání,
mo fẹsẹ̀ rìn.
Ta ni ìbá sọ fún mi
pé kìlómítà mẹ́wàá ló wà nínú míìlì tiwọn?
Mo rìn títí òkun fi wà lọ́tùn-ún, tó tún wà lósì.
Torbjørn apẹja ló gbé mi, èmi àti páálí ẹja,
kò bi mí ní nǹkan kan,
ó kàn ń gbé ẹ̀rín mì.

Wọ́n gbé Sindre sórí ìwọ̀n:
ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé irinwó gíráàmù.
Bàbá mi pariwo lórí fóònù:
"Ọmọ ni àbí màlúù? Sọ ọ́ ní pọ́n-ùn!"
Mo ṣírò ó sẹ́yìn ìwé oògùn. Méje ààbọ̀.
"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní,
ó sì dákẹ́ pẹ́, mo gbọ́ tó ń fọn imú.

Nílé wa, méjìdínlógójì, kóòtù la fi ń pàdé rẹ̀.
Yìnyín ń ronú àtiyọ́, àwọn ọmọkùnrin ti ń bọ́ fìlà.
Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, bí rédíò bá pe ogún,
màá lọ wá ìbọ̀wọ́,
màá jáde, oòrùn á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Òru kan nínú oṣù Èrèlé, Sindre kò mu ọmú.
Ragnhild nọ́ọ̀sì bi mí lórí fóònù: "Mélòó ló kà?"
Mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ iná.
Méjìdínlógójì àti ààbọ̀.
Orúnkún mi yẹ̀ kí orí mi tó ṣírò.
N ò wá pẹ́ńsù.
N ò yí i padà sí ohunkóhun.
"Ó ga," mo ní. "Ẹ máa bọ̀."

Lónìí, ó dúró ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń jẹ etí téèpù bàbá mi.
Ọgbọ̀n ínṣì, mo ní.
Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, Gunnvor ní, ó mú rúlà tirẹ̀ dání.
A fa ìlà kan.

Aṣọ ìkélé ṣì kúrú.
Màá pààrọ̀ rẹ̀ bó bá yá.