Okùn Ológbò

Òjò Galísíà kì í rọ̀ bí ẹni tó ń bínú;
wìnnìwìnnì ni, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú,
bí ẹni tó ń rojọ́ tí kò gbàgbé ẹyọ kan.
Mo wa ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gun òkè Vilardoso,
fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rìnlá lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi,
bírò méjì, nítorí ọ̀kan máa ń gbẹ.

Hermitas Quintás, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Ọmọ rẹ̀ ló kọ̀wé sí wa láti Súríìkì:
"Màmá mi kò ríran mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó."
Ó ti wọ aṣọ ìsìn dè mí.
Ó ti gbálẹ̀, ó ti gbé kọfí kaná,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọnrangandan
bí ọmọ iléèwé tí olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá yẹ ìwé rẹ̀ wò.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin aláṣọ búlúù," ló wí.
Pupa ni kóòtù mi.
N kò sọ nǹkan kan.

Ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín?
"Ta ni ì bá tún wẹ̀ mí? Póòpù?"
Ṣé ẹ lè se oúnjẹ?
"Ẹ tọ́ kọfí yẹn wò kí ẹ tó béèrè."
Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ló fi sí i dípò ṣúgà.
Mo mu ún tán, n kò fajú ro;
bí mo tilẹ̀ fajú ro, ta ni yóò rí i?
Ìbéèrè kẹta, ìkẹrin, ìkẹsàn-án:
gbogbo rẹ̀ ló lè ṣe. Ó lè gun àkàsọ̀. Ó lè ka ìwé ìròyìn.
Ó lè la igi ìdáná bí mo bá ráyè dúró wo òun.

Bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù wa kò ní ojú àánú:
"bẹ́ẹ̀ ni" kan, òdo kan.
Mo ti rí àwọn tó ń díbọ́n àìsàn kí máàkì wọn lè pọ̀;
n kò mọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó ń díbọ́n pé ara òun le.

Ìgbà náà ni mo rí okùn.
Okùn aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọ́n fi ń di koríko màlúù,
ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri,
kókó kan níbi ìlẹ̀kùn,
kókó méjì níbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀,
kókó mẹ́ta kí èèyàn tó kan iná,
ó wá jáde sí àgbàlá, ó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
ó tún lọ kí àwọn adìẹ.

"Màmá, okùn wo nìyí?"
"Ti ológbò ni."
"Níbo ni ológbò wà?"
Òjò ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ lórí òrùlé.
"Ó ti kú. Lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn okùn náà."
Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀:
"Bí mo bá ní n kò ríran, ṣé ẹ ó kó mi lọ sí ilé ńlá yẹn
tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀,
tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà yàrá pe Delmira ọ̀rẹ́ mi?"

N kò purọ́ fún un. Mo ní kì í ṣe èmi nìkan ló ń pinnu.
Mo ní mo lè kọ ohun tí ojú mi rí
dípò ohun tí etí mi gbọ́.
Ó rò ó títí kọfí tirẹ̀ fi tutù.
"Ẹ kọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo so ó.
Kókó kọ̀ọ̀kan. Èmi ni."

Kò sí àyè fún okùn nínú fọ́ọ̀mù.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, mo yí ìwé, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn,
bírò àkọ́kọ́ gbẹ, mo mú èkejì.

Oṣù méje kọjá kí èsì tó dé. Mo mọ̀. Ẹ má bi mí.
Wákàtí méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, méjì lọ́jọ́ Ẹtì:
Uxía, ọmọbìnrin aláriwo kan tó mọ adìẹ ẹ́ bọ́,
àti irin ìdìmú funfun lára ògiri, láti ìyẹ̀wù dé àgbàlá.

Mo padà lọ wo irin náà. Ó dán. Ó le.
Hermitas sì ti so okùn mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,
kókó kan, kókó méjì, kókó mẹ́ta.
"Irin yín dára," ló wí,
"ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń lọ."