Ọmú Kejì

Ó ku oṣù kan kí Ìbídùn pé ọdún kan àbọ̀.
Ó lè pe "mọ́tò", ó lè pe "ajá", ó lè pe "rárá",
ṣùgbọ́n tí mo bá ti Agbówó dé nírọ̀lẹ́,
tí mo ṣì ń wá ibi tí màá sọ báàgì kalẹ̀ sí,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: "Mú-mú."
Yóò ti fà mí láṣọ kí n tó bọ́ bàtà.

Oyún inú mi pé oṣù mẹ́rin ní Jímọ̀ tó kọjá.
A kò pè é. Òun náà kò kúkú béèrè bóyá àyè wà.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ ní Kúdẹtì, ó gun ọ̀kadà wá.
"O lóyún lé ọmọ, ìyàwó?
Láyé tiwa, ọkùnrin kì í sún mọ́ abiyamọ
títí ọmọ yóò fi lè lọ jíṣẹ́ nílé kejì.
Wàrà yẹn ti bàjẹ́. Ti ẹni tó ń bọ̀ ni.
Èyí tó wà níta ń ja ẹni tí ò tíì dé lólè."
Ó yíjú sí ọmọ tirẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n;
ọkọ mi yára ń wá rìmóòtù lábẹ́ tìmùtìmù.

Ó tú ọ̀rá dúdú. Ewúro ni, ó ti gún un láti ilé.
Ó fi ìka méjì kùn mí lọ́mú bí ẹni ń kun ògiri.
Ìbídùn dé, ó fẹnu kàn án,
ojú rẹ̀ hun jọ bí bébà tí wọ́n rún.
Ó wò mí. Ó wo ọmú. Ó wo màmá àgbà.
Ó fa etí aṣọ mi, ó nù ún, ó nù ún dáadáa,
bí mo ṣe máa ń nu imú rẹ̀,
ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.
Màmá fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.
"Ọmọ Ìbàdàn pọ́nbélé ni èyí," ó sì ká ọ̀rá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mùínátù ní Yemẹtu bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yọ,
bóyá inú ń kán mi. Mo ní rárá.
Ó ní, "Máa fún un lọ. Ṣùgbọ́n jẹun o.
Ẹni méjì ló ń bu nǹkan lára rẹ;
ìwọ náà wá ibi tí wàá ti máa bù."

Kò sọ fún mi pé yóò máa dùn mí tó báyìí.
Tó bá fà á, mo máa ń di eyín pọ̀, mo máa ń kà dé ogún.
Nígbà mìíràn inú a bí mi sí i, lójijì,
bíi kí n tì í dànù bí ológbò tó gun orí oúnjẹ.
N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ síbí.

Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ń pọ ẹ̀dà ìwé jáde,
ogójì, ọgọ́ta, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè dúró,
mo sì ń rò ó pé ẹ̀dá kò rí bí ẹ̀dà.
N kò lè tẹ́ ọ̀kan sórí gíláàsì
kí ìmọ́lẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, kí èkejì yọ.

Wàrà ti ń gbẹ.
Lánàá ó yọ ẹnu, ó ní, "Tán."
Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó padà.

Lálẹ́, iná ti lọ, òjò ń lu páànù Mọ́kọ́lá.
A fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ikùn mi láàárín wa bí ẹrù àlejò.
Ọmú kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ di èkejì mú ṣinṣin,
bí ẹni ń gba àga sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ta ló ń ṣọ́ ọ fún? Ta ló sọ fún un?

Oorun gbé e. Ìka ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ọwọ́ yẹn yọ̀, ó ṣubú sórí ikùn mi, ó sùn síbẹ̀.
Ọlẹ̀ sọ nínú mi, lẹ́ẹ̀kan.
Ìbídùn kò jí.
Ẹnu rẹ̀ nìkan ló mì, láìsí ọmú níbẹ̀ mọ́,
bí ẹni tí wọ́n kí, tó sì dáhùn.